Yanrìn Ẹ̀yìn Ẹni Tí A Dá

Bí ẹ bá dé Ìgbó-Ọrà tí ẹ dúró lójú títì tí ẹ pe "Bàbá Ìbejì," ìdajì àwọn ọkùnrin àdúgbò ni yóò dá yín lóhùn, torí náà ẹ má fi ìyẹn wá mi. Bàbá Oníyanrìn ni kí ẹ béèrè. Ọlọ́kadà èyíkéyìí yóò gbé yín wá sí ọ̀nà Ìdèrè, níbi tí mángòrò ńlá kan wà. Ẹ ó bá mi lórí àga lábẹ́ ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé mo ń sùn, ó sì lè jẹ́ pé mi ò sùn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Ìjàkadì ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo jà á títí eékún fi ní ó tó gẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jíjà á. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń wá bá mi, fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ìjà àmúlùmálà làwọn fẹ́ jà, èyí tí wọ́n ń jà nínú àgò onírin, tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá àti gídígbò pọ̀ mọ́ra wọn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Bàbá, kí la fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀? Ṣé ìjàkadì tiwa yìí ni, àbí ká lọ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àbí júdò?" Àwọn yòókù, mo máa ń dá wọn lóhùn kí n tó bọ́ sí oorun mi. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, Ràṣídá bi mí, oorun dá lójú mi.

Ràṣídá ni ọmọ Múfú. Múfú ni ọmọ iṣẹ́ mi tó dáa jù lọ, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì nà mọ́ títí di òní, inú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló sì ti kán. Bí mo bá ní kí ọmọ náà máa lọ, tí tiẹ̀ náà bá kán, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo bàbá ẹ̀? Bí mo bá sì ní kó má lọ, ohun kan ṣoṣo tó wù ú láyé ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín.

Bàbá tó bí mi fẹ́ kí n máa ránṣọ. Ìka mi tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ, aṣọ tí mo bá rán kì í ṣeé wọ̀ jáde, ni wọ́n bá fà mí lé Bàbá Múínátù lọ́wọ́. Àgbẹ̀ ẹ̀gúsí ni Bàbá Múínátù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Bí ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ẹ ò ní mọ̀ pé òun ló ń dá gbogbo akọni Ìbàràpá nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ̀yìn oko rẹ̀ ni ibi ìjàkadì wa wà. Yanrìn odò la ń rù wá síbẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó ṣa òkúta ara ẹ̀ kúrò, a ó tẹ́ ẹ bí ẹni tẹ́ ibùsùn.

Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n di èèyàn kankan mú. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ṣíṣubú ni mo ń kọ́. Màá dúró, yóò gbá mi lẹ́sẹ̀, màá lọ sílẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni màá bẹ̀rẹ̀ ìjà gan-an.

Ó ní, "Ẹ̀rù ilẹ̀ ṣì ń bà ẹ́. Mo rí i lọ́rùn ẹ. Kí ìyẹn kọ́kọ́ kúrò lára ẹ ná."

Ó tún ní òfin kan tí mi ò rí níbòmíràn rí. Ẹni tí wọ́n bá dá kò gbọdọ̀ sáré dìde. Yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, yóò wo ojú ọ̀run. Ó ní ìtìjú ló ń mú èèyàn fò dìde, ìtìjú ò sì jẹ́ kí èèyàn rí ohun tó gbé e ṣubú. Torí náà mo mọ ojú ọ̀run Ìbàràpá ju bí mo ṣe mọ ilẹ̀ ẹ̀ lọ. Ọyẹ́ a bo òkè, oòrùn a funfun bíi wàrà, àwodì a máa yí po lókè láìju apá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dá mi nígbà náà, mi ò rántí orúkọ wọn mọ́, ṣùgbọ́n àwọsánmà tó wà lókè lọ́jọ́ náà kò kúrò lójú mi. Bí oorun ọ̀sán bá gbé mi báyìí, inú yanrìn yẹn náà ni mo máa ń bá ara mi, mo dùbúlẹ̀, ara mi fúyẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè mí.

Òfin tó le jù nìyí o, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bí ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ bá ti kan yanrìn, ìjà ti parí. Ojú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. Wàá dìde, wàá na ọwọ́ ọ̀tún sí i, wàá fà á dìde, wàá yí i padà, wàá sì gbọn yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, láti èjìká wá sílẹ̀, títí ẹ̀yìn náà yóò fi mọ́. Èèyàn ò gbọdọ̀ fi yanrìn ìjà wọ ìlú.

Sùlé, ọ̀rẹ́ mi, dá ọmọ kan lọ́jọ́ kan, ó dì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i kí àwọn ọmọbìnrin tó ń pọn omi kọjá lè rí i dáadáa. Bàbá Múínátù ò nà án. Ó kàn mú ẹ̀wù rẹ̀ lórí okùn, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ sílé. Ìyá Sùlé bẹ̀ ẹ́, ìmáàmù bẹ̀ ẹ́, ìgbà tí iṣu tuntun dé ni Sùlé tó tún fẹsẹ̀ kan yanrìn.

Bàbá Múínátù wá pè wá jókòó. Ó ní, "Ta lẹ rò pé ẹ ń dá? Ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ẹ máa fẹ́ ni. Lọ́la, ẹ jọ máa tò sí sáàfù kan náà lẹ́yìn ìmáàmù. Bí yanrìn tí ẹ fi kàn án lẹ́yìn bá ṣì wà níbẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ara yín?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé ọwọ́ mi ń tú fúnra ẹ̀, kí n tó ronú rárá.

Lẹ́yìn náà, ìjọba gbà mí síṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Owó oṣù ń wọlé nígbà tó bá wù ú, àwọn ìbejì mi sì kàwé, ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọmọ ní Ìgbó-Ọrà, mo kọ́ ọmọ ní Ìdèrè, mo pẹ́ ní Èrúwà. Ohun èlò ń yí padà lójú mi. Wọ́n kọ́kọ́ ní yanrìn ń ya ọmọ lára, ẹ lo èérún igi tí wọ́n ń kó ní ilé ìlagi. Èérún igi wọ imú gbogbo wa, a ń sín láti òwúrọ̀ títí dọ̀sán. Fóòmù dé lẹ́yìn ìyẹn, aláwọ̀ búlúù, ó tutù lẹ́sẹ̀, ó sì dùn ún ṣubú lé, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí èèyàn máa gbọ̀n lẹ́yìn ẹni tó ṣubú sórí fóòmù. Àwọn ọmọ ń dá ara wọn, wọ́n ń yí ẹ̀yìn síra wọn, wọ́n ń lọ. Ohun tó jẹ́ kí n tẹ́ yanrìn tèmi sábẹ́ mángòrò nìyẹn. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí orúkọ fi mọ́ mi lára.

Orí yanrìn yẹn ni Múfú dàgbà sí. Ọmọ Ìdèrè ni, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta pákó. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí Múfú nígbà náà, mo káàánú yín. Kì í fi agbára dá èèyàn. Yóò gbà ọ́ mọ́ra wẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ àṣírí, wàá kàn rí i pé ojú ọ̀run lo ń wò. Ìyàwó rẹ̀ bí Ràṣídá, ọmọ náà kò sì tíì wọ ilé-ìwé nígbà tí ọkùnrin kan láti Èkó rí Múfú níbi ìdíje kan, tó ní kó wá ja ìjà àmúlùmálà. Ó wù ú. Ó wù mí fún un. A jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó ni.

Inú gbọ̀ngàn kan ni, ní ọ̀sán, òrùlé páànù, ooru ń mú wa bí iṣu inú ìkòkò. Wọ́n fi irin yí ibi ìjà po. Ọkùnrin tí wọ́n ní kó bá Múfú jà ga, ó sì gbẹ, wọ́n ní ìjà orí ilẹ̀ ló kọ́. Ó ju ẹ̀ṣẹ́, Múfú tẹrí ba, ó wọlé sí i lábẹ́, ó gbà á mọ́ra. Mo mọ ohun tó kàn. Ó gbé e, ó dá a, ẹ̀yìn ọkùnrin náà balẹ̀ gbì, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Mo ti ń pàtẹ́wọ́.

Ọwọ́ Múfú wá kúrò lára rẹ̀. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sí i láti fà á dìde.

Ọkùnrin náà gba ọwọ́ yẹn, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì pa á mọ́ àárín, ó sì na ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sódì. Òfin tiwọn ni ó tẹ̀ lé, mi ò lè bá a wí. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ó bá dùn ẹ́ jù, wàá fọwọ́ lu ilẹ̀ kí wọ́n tú ẹ sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún Múfú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń wò mí láàárín irin, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Mo gbọ́ ìró eegun náà níbi tí mo wà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ṣe àtúnṣe, apá náà san ṣùgbọ́n ó tẹ̀. Ó padà sídìí pákó. Ràṣídá kékeré wá sọ kọ̀rọ̀ apá tó tẹ̀ yẹn di ìrọ̀rí. Bí Múfú bá jókòó nírọ̀lẹ́, ọmọ náà á gbé orí síbẹ̀, á sùn lọ. Mo máa ń wò wọ́n, inú mi á bàjẹ́, mo sì máa ń rí i pé inú Múfú ò bàjẹ́.

Múfú fúnra rẹ̀ ló mú Ràṣídá wá sínú yanrìn mi nígbà tó yá. Ó ní ìjàkadì dáa fún ọmọ, àgò onírin nìkan ni òun ò fẹ́ gbọ́. Ọmọ náà dá gbogbo ọmọbìnrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọkùnrin. Nígbà tó wọ Pólì ní Èrúwà, kò sẹ́ni tó gbà láti bá a jà mọ́. Bó ṣe jáde níbẹ̀ ni àwọn kan ní Èkó ránṣẹ́ sí i pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kó kọ́ ìjà àmúlùmálà. Ó wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Bàbá, ìjàkadì nìkan ni mo mọ̀. Ṣé ó tó fi ṣe ìpìlẹ̀?"

Mo ní, "Kí ni bàbá ẹ wí?"

"Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò jẹun, wọ́n ní ohun tí Bàbá Oníyanrìn bá sọ ni abẹ gé."

Ó gbé ẹrù náà ka orí mi báyẹn, Múfú ò ní ojútì.

Mo ní kí ọmọ náà máa mú fóònù rẹ̀ wá. A jọ ń wo ìjà wọn lọ́sàn-án lábẹ́ mángòrò. Nígbà míì màá sùn lọ lẹ́nu ẹ̀, àwọn tó wà nínú fóònù á wá di àwa ti oko ẹ̀gúsí, Bàbá Múínátù á máa rìn kiri láàárín àgò onírin, á máa ṣa òkúta. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí mo fẹ́ rí. Ẹni tó bá mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn, òòró ló fẹ́ kí ìjà wà. Ẹni tó bá mọ ìjà orí ilẹ̀, ilẹ̀ ló ń wá. Oníjàkadì ló ń sọ fún àwọn méjèèjì ibi tí wọ́n máa lọ. Kò sí ohun tó ṣe ìjàkadì wa. Ẹ̀ṣẹ́ àti ìjà ilẹ̀, wọ́n á fi kún un fún un ní Èkó. Ohun tí Múfú kò mọ̀ kọ́ ló kán an lápá, ohun tó ti mọ̀ jù ni. Ìpìlẹ̀ tí ẹ ń béèrè náà, ohun tí ara yín máa ṣe kí ẹ tó ronú ni.

Mo ní, "Ràṣídá, bí o bá lè dá èèyàn kí ọwọ́ rẹ má tú títí màá fi kàn ẹ́ léjìká, wàá lọ. Bí ò bá ṣeé ṣe, a jẹ́ pé kò sí lílọ."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Mo fi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi síwájú rẹ̀, ó dá wọn bí ẹni ká aṣọ. Bí ẹ̀yìn wọn bá ti kan yanrìn, ọwọ́ rẹ̀ á tú, ọwọ́ ọ̀tún á nà síta. Mo ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ọwọ́ tún tú. Ọ̀sẹ̀ yí po. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọwọ́ ní títú, mo wá jókòó tí mò ń bẹ ọwọ́ pé kó má tú mọ́. Ọjọ́ tó yẹ kó wọkọ̀ ń bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, ó jókòó sáàárín yanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ó ní, "Bàbá, kò gbọ́ tèmi. Ọwọ́ náà ò gbọ́ tèmi."

Mi ò mọ̀ pé Múfú ti dé. Èérún igi ṣì wà lórí fìlà rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ẹ̀wù, ó wọ inú yanrìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Dìde. Dá mi."

"Bàbá mi, mi ò lè dá yín."

"Nínú yanrìn yìí, èmi kì í ṣe bàbá ẹnì kankan. Dá mi."

Wọ́n di ara wọn mú. Múfú ò fi ṣeré, ó fi apá tó dáa tì í kiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lẹ́sẹ̀. Ràṣídá wá gbà á mọ́ra wẹ́rẹ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lára bàbá náà, ó sì dá a. Ẹ̀yìn Múfú kan yanrìn. Mo rí ọwọ́ ọmọ náà tó ń tú.

Múfú sọ ọ́ láti ilẹ̀, jẹ́jẹ́, "Má tíì tú u, Ràṣídá. Wò ó, apá mi nìyí."

Ọwọ́ náà dúró. Ó padà dì í mú. Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í jà lábẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ń yí, ó ń ta, yanrìn ń fò. Omi ń jáde lójú ọmọ náà, kò tú u. Nígbà tó yá, Múfú fi apá tó tẹ̀ yẹn lu ilẹ̀ pẹ́pẹ́. Ràṣídá gbójú sókè wò mí, kò tú u síbẹ̀. Mo tiro lọ bá wọn, mo fọwọ́ kàn án léjìká. Ìgbà náà ló tó tú.

Múfú kò dìde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ọ̀run. Èmi náà wo òkè, àwọsánmà kan tín-ín-rín ń kọjá lọ sápá Èrúwà. Nígbà tó tó, Ràṣídá na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀, Múfú fi apá tó tẹ̀ gbà á, ó dìde. Ọmọ náà yí i padà, ó gbọn yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká wá sílẹ̀, kò yára rárá. Mo ní kó lọ di ẹrù rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ja ìjà àkọ́kọ́. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Múfú, ó sì gbé e wá bá mi lábẹ́ mángòrò. Ọmọbìnrin tó bá a jà ga jù ú lọ. Ràṣídá jẹ ẹ̀ṣẹ́, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wọlé sí i lábẹ́, ó gbé e, ó dá a. Múfú di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ràṣídá ò tú u. Ó wà lórí rẹ̀ títí ọmọbìnrin náà fi fọwọ́ lu ilẹ̀, tí rẹfirí sì kàn án léjìká.

Ràṣídá wá dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fà á dìde, ó yí i padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹ̀yìn rẹ̀. Fóòmù ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí ẹyọ yanrìn kan. Àwọn èrò ìwòran ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ń yíjú wẹ̀yìn, kò mọ ohun tí wọ́n ń gbọ̀n lára òun.

Múfú ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó ní, "Bàbá, láti èjìká ló ti bẹ̀rẹ̀."